Omi tí wọ́n ń ní kí aláboyún mu kó tó ṣe scan, inú ẹ̀ ni ìdánwò wà

Ẹni tó bá ti jókòó níwájú ilé scan n'Íbàdàn, ì báà ṣe Mọ́kọ́lá tàbí Ring Road, á ti rí wọn: obìnrin mẹ́ta mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì, piọ̀ wọ́tà lọ́wọ́ kálukú, ẹni tó ti kún ti pa itan pọ̀, síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ ṣe scan á tún yọjú, "Mọ́mì, ẹ mu ọ̀kan sí i, kò tíì kún tó." Wọn kì í sábà sọ ìdí ẹ̀. Àwọn kan gbà pé omi yẹn ló ń gbé ọmọ léfòó kí wọ́n lè rí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹni tó bá sì ń múra ìdánwò ARDMS, ìyẹn ìdánwò àwọn tó ń ṣe scan, ti Amẹ́ríkà, tó lè ṣàlàyé omi yẹn dópin, iṣẹ́ ńlá ti kúrò lọ́rùn ẹ̀.

Ìdánwò méjì ni. SPI, ìyẹn físíìsì àti máṣíìnì, nǹkan bí ìbéèrè 110 ní wákàtí méjì. OB/GYN, ìyẹn scan oyún àti ilé ọmọ, nǹkan bí 170 ní wákàtí mẹ́ta. Máàkì ń lọ láti 300 dé 700, 555 lèèyàn gbọ́dọ̀ ní. Ti fọ́ọ̀mù àti owó ò le. Èyí tó le ni pé wọ́n á ka físíìsì, wọ́n á páàsì, wọ́n á gbà gbé e kí wọ́n tó dé OB/GYN, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni méjèèjì.

Torí máṣíìnì scan kì í ya fọ́tò. Ohùn tí etí ò lè gbọ́ ló ń jù sínú ikùn, á wá dúró de gbohùngbohùn ẹ̀. Bí ìyá tó rán ọmọ níṣẹ́ láti Mọ́kọ́lá lọ Dùgbẹ̀ ni, kò tẹ̀ lé e, aago nìkan ló ń wò. Ọmọ tètè dé, ó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ò jìnnà. Ó pẹ́, ó ní ó jìnnà. Máṣíìnì ti gbà pé mítà 1,540 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ara, pé tààrà ló lọ tààrà ló bọ̀. Tí ọmọ bá wá dúró wo bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cocoa House ńkọ́? Ìyá á ṣáà ní ọ̀nà ló jìn, máṣíìnì náà á ya nǹkan síbi tí kò sí, artifact nìyẹn. Gáàsì inú ìfun ní tiẹ̀, géètì tí wọ́n tì mọ́ ọmọ lójú ni, ibẹ̀ ló ti máa padà, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó já gaara ni omi, agbára ọmọ ò dín kù tó fi kọjá, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ohun tó lómi nínú fi máa ń funfun ju agbègbè ẹ̀ lọ. Nínú iṣẹ́ tí Ian Donald, dókítà aláboyún ní Glasgow, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde nípa scan ní 1958, obìnrin kan wà tí wọ́n ti rò pé jẹjẹrẹ ikùn ló ń pa á lọ, kókó olómi ilé ẹyin ni. Omi ló tú àṣírí ẹ̀.

Iṣẹ́ piọ̀ wọ́tà náà nìyẹn. Àpò ìtọ̀ tó kún á ti ìfun àti gáàsì ẹ̀ kúrò lọ́nà, ohùn á gba inú omi dé ilé ọmọ. Ṣùgbọ́n tó bá kún jù, á tẹ ìsàlẹ̀ ilé ọmọ, iwájú á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ọrùn ilé ọmọ á dà bíi pé ó gùn, ibi ọmọ tó jìnnà sẹ́nu ọ̀nà á wá dà bíi pé ó ti bò ó. Ibí gan-an lọgbọ́n ìdánwò yẹn wà. Wọ́n á ní oyún ogún ọ̀sẹ̀, àpò ìtọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, ibi ọmọ bo ẹnu ọ̀nà, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe? Ẹni tó há past question á mú placenta previa, ìyẹn ibi ọmọ tó dí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó yé á ní kí obìnrin náà lọ tọ̀, kó padà wá. Ó dùn mí gan-an pé aláboyún lè relé láti ilé scan, kó máa ro iṣẹ́ abẹ lóru, nígbà tó jẹ́ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ní kó lọ.

Ó ní èyí téèyàn gbọ́dọ̀ há o: ọmọ tó ti tó 7 mm tí ọkàn ẹ̀ ò lù, àpò oyún tó tó 25 mm tí ò sọ́mọ nínú ẹ̀, àmì pé oyún ti bàjẹ́ ni méjèèjì. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n scan tí wọ́n ń gba ojú ara ṣe, òfìfo ni wọ́n fẹ́ kí àpò ìtọ̀ wà, ẹni tó há "ẹ mu omi" láìmọ ìdí á ṣubú síbẹ̀.

Ohun tó dáa jù ni kéèyàn wá àwòrán obìnrin kan náà, ìkan nígbà tó kún jù, ìkan lẹ́yìn tó tọ̀ tán, kó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó wọn ọrùn ilé ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, kó wo ibi tí etí ibi ọmọ wà báyìí.