Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé ni fan art ti wà

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìsìnyí tó ń ya dírágónì àti abàmì ẹ̀dá inú ìwé ìtàn rò pé Instagram ló bí fan art, ìyẹn àwòrán táwọn olólùfẹ́ ìtàn kan ń yà látinú ìtàn náà, rárá o, nǹkan yìí ti pẹ́ gan-an. Láti 1930 làwọn òǹkàwé sci-fi (ìtàn àròsọ tó dá lórí sáyẹ́ǹsì) ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe magasíìnì tara wọn, The Comet lorúkọ àkọ́kọ́, àwọn kan ní Chicago ló ṣe é, kì í ṣe torí owó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ìwé ìdánwò tí wọ́n fi sítẹ́ńsù tẹ̀ nílé ìwé, ẹ mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ irú magasíìnì bẹ́ẹ̀. Pépà onída ni, wọ́n á fi kálàmù irin ha á, ibi tí wọ́n bá ha ni yíǹkì máa gbà kọjá. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ jù, pépà á ya, tó ò bá sì tẹ̀ ẹ́ tó, ìlà ò ní jáde, torí náà ìlà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń ya gbogbo abàmì ẹ̀dá wọn, èékánná, ìpẹ́, eyín, torí ibi tó bá dúdú kiriri kì í tẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyẹn o!

Ní 1960 Bjo Trimble, obìnrin kan tó jẹ́ fáànù, ṣètò ìpàtẹ àwòrán síbi ìpàdé ńlá àwọn olólùfẹ́ sci-fi ní Pittsburgh, nígbà tó sì di 1967, àmì ẹ̀yẹ Hugo, tí wọ́n ń fún iṣẹ́ sci-fi tó dáa jù, ti ní ti àwọn ayàwòrán tó jẹ́ fáànù, Jack Gaughan ló kọ́kọ́ gbà á.

Àmọ́ ìwé Tolkien, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ The Hobbit àti The Lord of the Rings, ló dáná sí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1965 tí Ballantine, ilé ìtẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, fẹ́ gbé e jáde ní paperback, wọ́n gbé àwòrán ẹ̀yìn ìwé fún ayàwòrán kan, Barbara Remington, kò ráyè ka ìwé náà rárá kó tó yà á. Ó ya kìnnìún àti ẹyẹ tó jọ ògòǹgò sẹ́yìn The Hobbit, Tolkien fárí gá, ó ní kí ló kan kìnnìún nínú ìtàn òun, wọ́n sì pa kìnnìún yẹn rẹ́ nígbà tó yá. Mi ò dá obìnrin náà lẹ́bi, wọn ò fún un láyè. Ṣùgbọ́n ohun tí fáànù fi ju ayàwòrán tí wọ́n gbàṣẹ́ fún nìyẹn, fáànù ti ka ìwé ọ̀hún dójú àmì. Ẹ wo Balrog, ẹ̀mí èṣù oníná inú The Lord of the Rings, ìwé ní òjìji rẹ̀ nà jáde bí ìyẹ́ apá ńlá méjì, ṣé ó wá níyẹ̀ẹ́ ni àbí kò ní? Àwọn òǹkàwé ṣì ń fa ọ̀rọ̀ yẹn dòní, ẹni tó bá fẹ́ yà á gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan.

Kódà Margrethe, ọmọ ọba Denmark, ya tiẹ̀ ránṣẹ́ sí Tolkien ní nǹkan bí 1970, ó ti di ọbabìnrin kí wọ́n tó lò ó nínú ìwé ní 1977, orúkọ mìíràn, Ingahild Grathmer, ni wọ́n sì fi síbẹ̀. Tim Kirk ní tiẹ̀, tó gba Hugo ti fáànù lẹ́ẹ̀marùn-ún, ya àwòrán 26 látinú ìtàn Tolkien fún iṣẹ́ àṣekágbá másítà rẹ̀ ní California, Ballantine mú 13 nínú ẹ̀ ṣe kàlẹ́ńdà 1975. Inú kàlẹ́ńdà yẹn ni wọ́n ti ní káwọn ayàwòrán mú iṣẹ́ wọn wá, ìbejì kan, Greg àti Tim Hildebrandt, rí i, wọ́n gbé tiwọn lọ, àwọn ni wọ́n sì gbé kàlẹ́ńdà 1976, 1977 àti 1978 fún.