Ẹṣin sáré ìje tán, iṣan rẹ̀ wú: ṣé àfikún oúnjẹ ló máa wò ó?

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹṣin lẹ́yìn eré ìje?

Ọkàn ẹṣin tó dúró jẹ́ẹ́ ń lù ní bí ìgbà 30 sí 40 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń sáré àsápajúdé, ó lè ju 220 lọ. Iṣan sì ni bí ìdajì ara rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé òpin pápá, àwọn fọ́nrán iṣan kan á ti ya wẹ́wẹ́, ohun tó yẹ kó wà nínú wọn á sì jò sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà ẹranko fi máa ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn eré, kó lè mọ bí iṣan ṣe fara gbá tó. Ara á wá ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara: ibẹ̀ á wú díẹ̀, á gbóná díẹ̀.

Ṣé kò wá yẹ ká tètè pa ìgbóná yẹn?

Ibi tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú gan-an nìyí. Àwọn ọmọ ogun tó mú ìgbóná wá náà ló ń kó pàǹtírí iṣan tó ya kúrò, kí tuntun tó lágbára jù ú lọ lè hù. Bí eruku bá ń sọ nílé tí bíríkìlà ń tún ṣe, ta ni í lé bíríkìlà? Kódà lára èèyàn, ìwádìí kan ti fi hàn pé àwọn tó ń gbé fítámì C àti E ńláńlá mì lásìkò tí wọ́n ń ṣe eré ìmárale kò rí gbogbo èrè eré náà jẹ.

Èyí tí kì í lọ ni kó bà wá lẹ́rù. Ẹsẹ̀ tó ṣì gbóná lọ́jọ́ kẹta, tàbí ẹṣin tó ń tiro, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfikún oúnjẹ mọ́. Ìsinmi àti dókítà ló kù.

Fítámì C ńkọ́?

Ẹ̀dọ̀ ẹṣin ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwa èèyàn ni a kò lè ṣe é.

Èwo ló wá wúlò nínú gbogbo agolo tí wọ́n ń tà?

Fítámì E ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ó pọ̀ nínú koríko tútù, àmọ́ bí koríko bá ti gbẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ, bẹ́ẹ̀ inú ilé ni ẹṣin asáré ń wà jù. Ẹṣin oníkílò 500 tó ń ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn nílò bíi 1,000 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n fítámì) lóòjọ́. Omega-3, irú ọ̀rá kan tó ń ṣara lóore, náà nìyẹn: ó wà nínú koríko tútù, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọkà, ni wọ́n ṣe ń fi òróró ẹja tàbí ti irúgbìn flax dí i. Ẹ ò rí i pé koríko la kàn ń rà padà.

Atalẹ̀ náà ń gbìyànjú. Ní yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún ẹṣin díẹ̀ ní omi atalẹ̀ kí wọ́n tó sáré lórí ẹ̀rọ, ara wọn sì tètè balẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n mu omi lásán. Ìwọ̀nba ẹṣin díẹ̀ ni o. Èmi ò ní torí ìyẹn ra àpò atalẹ̀ kan.

Bó bá jẹ́ oúnjẹ lásán, ewu wo ló wà níbẹ̀?

Àṣejù. Ẹ wo selenium, èròjà kan tí ara ń lò ní ìwọ̀nba: mìlígíráàmù 1 sí 3 lóòjọ́ ti tó ẹṣin, àlàfo tó wà láàárín oògùn àti májèlé kò sì fẹ̀. Agolo mẹ́ta tí wọ́n fi selenium sí, tí a ń bù papọ̀ láì ka ara wọn, lè mú wa kọjá ààlà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, ẹṣin póólò 21 kú ní Wellington, ní Florida, nítorí àpọ̀jù selenium nínú àdàlù fítámì. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gún wọn ní tiwọn.

Èkejì ni òfin eré ìje. Ohun tí wọ́n bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe èrò ọkàn ẹni tó fi í sínú oúnjẹ. Estimate, ẹṣin Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, gba ipò kejì nínú Gold Cup, eré ìje ńlá kan ní Ascot, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2014. Àyẹ̀wò rí morphine, oògùn apàrora líle kan, lára rẹ̀, inú oúnjẹ tí nǹkan kan ti kó bá ló ti wá. Wọ́n gba ipò náà, wọ́n gba owó náà.