Títẹ̀ ìtì igi: bí a ṣe ń rí pákó tó tọ́ lára gẹdú wọ́rọ́kọ́

Títẹ̀ ìtì igi ni ìwọ̀n bí àárín rẹ̀ ṣe yà kúrò lójú ìlà tó tọ́. Bí a bá na okùn láti ìdí dé orí ní ẹ̀gbẹ́ tí ìtì náà ti tẹ̀ wọnú, àlàfo tó fẹ̀ jù láàrin okùn àti igi ni ìwọ̀n náà. Ní agbègbè Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ibi tí tíìkì ti máa ń hù padà lára kùkùté, irú ìtì bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, nítorí pé ọ̀mùnú tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté ní láti kọ́kọ́ yà síta kó tó nàró. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i tí wọ́n dà wọ́n fún àwọn eléèédú nítorí pé wọ́n wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìtì kan tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25, tó sì tẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12. Iye tó tẹ̀ yẹn ni a ó yọ kúrò nínú fífẹ̀ rẹ̀, nítorí náà nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 péré ló kù fún pákó tó tọ́ láti ìdí dé orí. Ṣùgbọ́n bí a bá dá ìtì yìí sí méjì ọgbọọgba kí ayùn tó là á, tí ó bá sì jẹ́ pé ó tẹ̀ dọ́gba, ìdajì kọ̀ọ̀kan kò ní tẹ̀ ní 6 bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò, 3 ni. Sẹ̀ǹtímítà 22 ti di tiwa nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ kan àga tàbí fèrèsé kò nílò pákó mítà 4 rárá, kí ó tètè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń la igi.

Àǹfààní mìíràn wà nínú dídá ìtì sí méjì. Apá funfun tó wà lábẹ́ èèpo tíìkì ni ikán ń jẹ, kì í fẹ́ràn àárín rẹ̀ tó pọ́n. Bí a bá la ìtì tó tẹ̀ láìdá a, etí pákó kan yóò funfun láàrin, etí kejì yóò funfun lórí àti nídìí. Ibẹ̀ ni kí ẹni tó ń ra pákó kọ́kọ́ wò.

Dídá ìtì sí kúkúrú kò lè wo igi tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dàgbà sàn. Lójú ibi tí a gé e, ọkàn igi náà kì í sábà sí láàrin gan-an. Páìnì máa ń kó igi tó le jọ sí ìsàlẹ̀ ibi tó fì sí. Igi eléwé gbòòrò bíi tíìkì ń kó tirẹ̀ sí òkè. Pákó tó bá ní apá yìí lára máa ń sún kì ní gígùn bó ṣe ń gbẹ, nígbà tí apá tó kù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sún kì rárá, nítorí náà yóò ká bó tilẹ̀ tọ́ nígbà tó ti ẹnu ayùn jáde. Kí a má ṣe fi í ṣe férémù ilẹ̀kùn.