Ọjọ́ Kan ní Ṣọ́ọ̀ṣì, Ọjọ́ Mẹ́rin Nílé: Bí Kíláàsì Àpapọ̀ Àwọn Ọmọ Tí Òbí Ń Kọ́ Nílé Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà

Òbí tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé ní Amẹ́ríkà kì í sábà dá gbogbo iṣẹ́ náà ṣe. Láàárín àwọn Kristẹni pàápàá, ó wọ́pọ̀ kí ìdílé bíi mélòó kan kó ọmọ wọn jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n jọ ṣe sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n jọ kọrin, kí wọ́n jọ ya àwòrán, kí wọ́n sì jọ sáré. Àwọn ọmọ á gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tísà á dúró níwájú, àkókò oúnjẹ á sì tó. Ẹni tó bá wò ó láti ìta á ní ilé-ìwé ni. Kì í ṣe ilé-ìwé, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ètò náà ti ṣẹ̀ wá, látorí owó tí wọ́n ń san dórí ẹni tó ń fún ọmọ ní máàkì. Lójú òfin, òbí ni olùkọ́ ọmọ náà. Kíláàsì ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ wá ràn án lọ́wọ́ ni.

Láti ọdún 1993 ni kíkọ́ ọmọ nílé ti bófin mu ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50, ìjà ńlá ló sì gbé e débẹ̀. Ní ìgbà kan, àwọn òbí wà tí ìjọba gbé lọ sílé-ẹjọ́ nítorí pé ọmọ wọn ò lọ sí ilé-ìwé. Ní 1983 ni agbẹjọ́rò méjì, Michael Farris àti J. Michael Smith, dá ẹgbẹ́ HSLDA sílẹ̀ láti máa gbèjà irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀. Ní Texas, ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Leeper dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì dá a ní 1994 pé ilé tí òbí ti ń kọ́ ọmọ, ilé-ìwé aládàáni ni. Ìjọba àpapọ̀ ṣírò pé ọmọ bí 850,000 ni wọ́n ń kọ́ nílé ní 1999. Nígbà tó fi di 2016, wọ́n ti tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ìgbà àrùn kòrónà ni nǹkan wá yí bírí. Ìwádìí àjọ tó ń ka ènìyàn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú ìdílé tó ní ọmọ ilé-ìwé, ìdá 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kọ́ ọmọ nílé nígbà tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ó sì di 11.1 kí ọdún náà tó parí. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ó gbéra láti 3.3 dé 16.1. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó abúlé nìkan mọ́.

Kí ni wọ́n ń wá kúrò nílé sí? Ìwé kíkà, ìṣirò, ìtàn àti Bíbélì, gbogbo ìyẹn rọrùn lórí tábìlì ìjẹun. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ò lè di ẹgbẹ́ akọrin. Kò lè bá ara rẹ̀ jiyàn, kò lè dá eré orí ìtàgé ṣe, kò sì lè dá bọ́ọ̀lù gbá. Ìyá tó mọ gírámà dáadáa lè má mọ kẹ́mísírì rárá, tàbí kó má ní ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ohun kan tún wà tí àwọn òbí kì í fi bò: ọmọ ọdún mẹ́tàlá fẹ́ ọ̀rẹ́, ó sì fẹ́ gbọ́ àtúnṣe lẹ́nu ẹlòmíì yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Àkọ́kọ́ dà bí àáró tí àwọn àgbẹ̀ ń dá: ẹni tó mọ báyọ́lọ́jì kọ́ ọmọ gbogbo wọn ní báyọ́lọ́jì, ẹni tó mọ dùùrù gba orin, ẹni tí kò lè kọ́ nǹkan kan tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ tàbí kó jókòó ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Owó tí wọ́n ń san níbẹ̀ kéré, nítorí pé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san èyí tó kù, òbí kì í sì í lọ sílé títí ọjọ́ á fi parí. Nínú ọ̀nà kejì, olùkọ́ tó ń gbowó ló ń kọ́ wọn. Òbí á yan kíláàsì tó wù ú lẹ́yọ-lẹ́yọ, á san owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ sì máa ń já ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n tó wá gbé e lọ́sàn-án. Ó rọrùn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó rọrùn jù fún ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ lé ẹlòmíì lórí.

Èyí tó tún wà láàárín méjèèjì ni irú ètò tí Classical Conversations ń ṣe, iléeṣẹ́ Kristẹni kan tó bẹ̀rẹ̀ ní North Carolina ní 1997. Àwọn ọmọ kéékèèké wọn ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24 lọ́dún, wọ́n ń fi orin àti àsọtúnsọ há ọjọ́ ìtàn, Látìn àti ìṣirò sórí, òbí sì wà nínú yàrá náà pẹ̀lú ọmọ, nítorí pé òun ló máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe nílé láti ọjọ́ kejì.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yọ̀. Yorùbá tó wà ní Houston lè kó ọmọ rẹ̀ lọ sí irú kíláàsì yìí láìsọ fún ìjọba rárá, nítorí Texas ò bèèrè fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí òfin ní kí òbí kọ́ ọmọ kò ju ìwé kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò àti ìwà ọmọlúàbí ìlú. Bí ó bá kó lọ sí Maryland, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọ̀gá àwọn ilé-ìwé ìjọba ní agbègbè rẹ̀, ó kéré tán ní ọjọ́ 15 kó tó bẹ̀rẹ̀, kó kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ mẹ́jọ, tó fi mọ́ àwòrán, orin, ìlera àti eré ìdárayá, kó sì kó iṣẹ́ ọmọ jọ fún àyẹ̀wò, àyàfi tó bá wà lábẹ́ àbójútó ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí kíláàsì àpapọ̀ ṣe wúlò tó níbẹ̀: ọ̀sán kan ṣoṣo lè fún un ní àwòrán, orin àti eré ìdárayá, ohun mẹ́ta tó ṣòro jù lọ láti fi ẹ̀rí hàn nílé. Ní Pennsylvania, ọmọ gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ 180 lọ́dún tàbí iye wákàtí tí òfin sọ, olùyẹ̀wò á sì wo fáìlì iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe ní kíláàsì ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ á wọ inú fáìlì náà.

New York ló sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba jù. Níbẹ̀, òbí lè fi ọmọ sí kíláàsì àpapọ̀ fún àwọn iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ ọmọ bá ti ń ti ibẹ̀ wá, ìjọba á ní ilé-ìwé aládàáni ni wọ́n dá sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kọ́ inú ilé mọ́. Ní North Carolina, òfin àtijọ́ fẹ́ kó jẹ́ òbí tàbí ará ilé ló ń kọ́ ọmọ. Ní 2013 ni wọ́n tún un ṣe, kí òbí lè mú olùkọ́ mìíràn mọ́ ọn, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ òun ló ń pinnu ohun tí ọmọ ń kọ́. Ẹgbẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ti ọ̀rọ̀ òfin yìí bọ inú ìwé àdéhùn tí òbí ń fọwọ́ sí.

Ìdí tó fi sábà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò ò le. Yàrá Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, pẹ̀lú àga kékeré, pátákó, ilé ìdáná àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ò gba kọ́bọ̀, àwọn mìíràn ń gba owó iná àti owó ẹni tó ń tún ibẹ̀ ṣe. Ẹgbẹ́ máa ń ra inṣọ́ránsì, torí bí ọmọ bá ṣubú, ẹnì kan á dáhùn. Wọ́n ń yẹ àkọsílẹ̀ gbogbo àgbàlagbà wò bóyá ó ti ní ẹ̀sùn ọ̀daràn rí, wọn kì í sì í jẹ́ kí àgbàlagbà kan ṣoṣo dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá. Òbí tó bá rí ẹgbẹ́ tí kò ka méjèèjì yìí sí, kó mú ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, bó ti wù kí orin wọn dùn tó. Pé gbogbo wa jọ jẹ́ ọmọ Ọlọ́run kò rọ́pò ìlẹ̀kùn tó ní gíláàsì tí ará ìta lè gbà rí inú yàrá.

Kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ilé àti kíláàsì lè yéni, ó dára ká wo báyọ́lọ́jì ọjọ́ tí wọ́n ń la àkèré. Nílé, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ọmọ ti ka orí ìwé tó sọ nípa àwọn ẹranko orí omi àti orí ilẹ̀, ó ti ya àwòrán inú àkèré, ó sì ti kọ orúkọ ẹ̀yà ara sí i. Tó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti tẹ́ ọ̀rá sórí tábìlì gbọ̀ngàn. Ọmọ méjì-méjì ló ń pín àkèré kan tí wọ́n ti fi oògùn pa mọ́ kó má jẹrà. Òórùn rẹ̀ á ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á fi píìnì kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ abọ́, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé awọ ikùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń hàn, ó tóbi ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìfun wà. Ọkàn rẹ̀ ò ju èékánná lọ, yàrá mẹ́ta ló ní, nígbà tí tènìyàn ní mẹ́rin. Bí àkèré wọn bá jẹ́ abo, wọ́n lè bá ẹyin dúdú wínníwínní tó kún inú rẹ̀, àwọn ọmọ yòókù á sì sá wá wò ó. Wákàtí kan ó lé díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Tó bá délé, á kọ ìròyìn ohun tó rí, òbí á kà á, wọ́n á jọ wo ibi tí àwòrán inú ìwé ti yàtọ̀ sí ohun tó bá nínú àkèré. Tísà ló mú àkèré wá, òbí ló mú ọ̀sẹ̀ yòókù wá. Ọmọ tí kò ka nǹkan kan nílé á kàn rí ẹran tó ń rùn ni.

Báyìí náà ni máàkì ṣe ń lọ. Tísà lè fi gègé pupa kọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó sí àròkọ ọmọ, ó tilẹ̀ lè dábàá máàkì, ṣùgbọ́n òbí ló ń kọ èyí tó wọ ìwé àbájáde. Ọ̀rọ̀ náà le sí i bí ọmọ bá dé ipele sẹ́kọ́ńdìrì, nítorí pé yunifásítì á béèrè ìwé àbájáde yẹn, òbí ló sì ń ṣe é, òun ló ń fọwọ́ sí i. Àpèjúwe kíláàsì tí tísà kọ, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀, máa ń mú un lágbára, torí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ń gbe ọ̀rọ̀ òbí lẹ́sẹ̀. Ohun kan tó yẹ kí òbí ṣọ́ra fún: kíláàsì kì í jẹ́ AP (Advanced Placement, ẹ̀kọ́ ipele yunifásítì fún ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì) kìkì nítorí pé ó le. College Board, àjọ tó ni orúkọ AP, gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ náà kí orúkọ yẹn tó lè wọ ìwé àbájáde.

Ní ti ìgbàgbọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ohun tó gbà gbọ́. Àwọn kan ní kí gbogbo ìdílé fọwọ́ sí i, àwọn mìíràn ní kí àwọn tó ń kọ́ni nìkan fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni sì lè fi ọmọ wá. Ó yẹ kí òbí kà á délẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ̀ bóyá sáyẹ́ǹsì wọn gbà pé ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá ayé ní tààrà, tàbí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún èrò mìíràn láàárín onígbàgbọ́. Àdúrà àti ẹsẹ Bíbélì ló ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ lọ́pọ̀ ibi, kò sì gùn. Ìgbàgbọ́ ọ̀hún ń hàn jù nínú bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tó ṣẹ̀ wí.

Owó pín sí mẹ́ta: owó ìforúkọsílẹ̀, owó kíláàsì, àti owó ohun èlò. Owó ohun èlò ni wọn kì í dá padà, nítorí pé àkèré tí wọ́n ti rà kò ṣeé dá padà. Nínú kíláàsì tó ń gba tísà, kíláàsì tí ọmọ ò pọ̀ tó lè má bẹ̀rẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ owó-orí náà wà ńbẹ̀: owó kíláàsì tí ẹgbẹ́ bá ní kí òbí má san nítorí pé ó ń kọ́ni lè di owó iṣẹ́ lójú ìjọba, akápò ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Bí irú ẹgbẹ́ yìí bá máa tú, ó máa ń jẹ́ nítorí pé àwọn ìyá mélòó kan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, tó sì rẹ̀ wọ́n. Èyí ni àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ṣe ń kọ ojúṣe ìdílé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń yan àwọn tó máa dúró fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ìgbà ìrúwé ni ìforúkọsílẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìdílé tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ gbà. Kíláàsì á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù August tàbí lẹ́yìn ìsinmi òṣìṣẹ́ ní September. Kíláàsì sáyẹ́ǹsì ló ń yára kún jù, nítorí iye tábìlì. Kí òbí bèèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wá jókòó wo ọjọ́ kan kó tó sanwó. Ẹgbẹ́ tó dára kì í kọ̀.