Ojú àgbàrá ni, kì í ṣe "ìṣàn omi ìjì"

Mo tún rí i kà lọ́sẹ̀ tó kọjá: "ìgbéga ìṣàn omi ìjì ìgboro." Bí wọ́n ṣe túmọ̀ "urban stormwater drainage upgrade" nìyẹn, ìyẹn kí wọ́n fẹ gọ́tà ìlú kí omi òjò lè ráyè kọjá. Inú bí mi. Kí ni ìjì ń wá níbẹ̀? Atẹ́gùn ni ìjì. Òrùlé ló ń ṣí, igi ló ń wó. Èyí tó ń wọlé bá wa l'Ákùúrẹ́ nínú oṣù kẹsàn-án, àgbàrá ni. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó da kọnkéré sí títì: àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ìgbéga ńkọ́? Òṣìṣẹ́ là ń gbé ga. Gọ́tà tó bá ga, omi ò ní wọ̀ ọ́.

Fífẹ ojú àgbàrá ni mo ń pè é, mi ò sì ní yí i padà. Ẹnìkan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní "kòtò àgbàrá" ló dáa jù. Rárá o. Inú kòtò ni nǹkan ń dúró sí. Ẹ pe nǹkan ní kòtò, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe máa da ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti háhá àgbàdo sí i. Ojú ni ti ohun tí nǹkan ń gbà kọjá: ojú ọ̀nà, ojú irin. Ẹlòmíràn ní "fífẹ ojú" dún bí ìgbà téèyàn ń fẹjú mọ́ ọmọ. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní ṣì í gbọ́. Ìyàtọ̀ gọ́tà àti kọ́fáàtì, èyí tó ń gba abẹ́ títì kọjá, kò kàn mí níbí; ojú àgbàrá ni àwọn méjèèjì.

Orúkọ nìkan kọ́ o; ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ náà ṣe kókó. Ẹ wo ìyá elépo l'Ọ́jà Ọba tó ń fi àrọ da epo sínú ìgò. Ẹnu àrọ gbòòrò, ọ̀fun rẹ̀ tín-ín-rín. Bó bá rọra dà á, á wọlé. Bó bá da kẹ́ẹ̀gì délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, epo á kún àrọ dẹ́nu, á sì dà sí i lọ́wọ́. Kó lọ ra àrọ ẹlẹ́nu ńlá, bí ọ̀fun bá ṣì rí bákan náà, epo á dà nù ni. Ọ̀fun àgbàrá wa ni ibi tó ti ń já sí odò Àlà. Òjò mìlímítà 50 lórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn, á lé ní lítà 23,000: táńkà ọlọ́mi oní-10,000 méjì, ó tún ṣẹ́ kù. Nígbà tí koríko wà, ilẹ̀ ń mu nínú rẹ̀. Báyìí, ìńtálọ́ọ̀kì ló kún àgbàlá.

Ládùúgbò wa, òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ gọ́tà òkè, ó dára lójú, wọ́n fi kọ́fáàtì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, inú yàrá mi ló yà sí. Àmì ẹrẹ̀ náà ṣì wà lára ògiri, ó ga dé orúnkún mi. Ìsàlẹ̀, lẹ́nu Àlà, ni wọn ìbá ti kọ́kọ́ fẹ̀, kí wọ́n wá máa fẹ̀ ẹ́ bọ̀ lókè.