Kí nìdí tí wọ́n fi ń wá oríṣiríṣi èèyàn sídìí ìwádìí dementia?

Dementia lorúkọ táwọn dókítà ń pè é tí ọpọlọ èèyàn bá ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí iyè ń rá, tí onítọ̀hún ò mọ ọ̀nà ilé ara ẹ̀ mọ́, tí kò lè ṣírò owó ọjà tó ti ń tà látìgbà ọmọge. Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ní Badagry níbí wọ́n á ní ìyá yẹn ti ń ṣarán, àwọn mí-ìn á tiẹ̀ ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́, ó máa ń dùn mí gan-an, torí àìsàn ni, ìyá ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ pé fásitì kan fẹ́ kọ́ ìran tuntun àwọn oníṣẹ́ ìwádìí dementia, àti pé oríṣiríṣi èèyàn làwọn ń wá, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé káwọn tó ń ṣèwádìí náà wá láti àárín àwọn tí àìsàn yẹn ń bá jà. Dúdú, funfun, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹni tó dàgbà sábúlé, ẹni tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ ọ, kó má sì jẹ́ dókítà nìkan, nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ jíìnì náà wà níbẹ̀. WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ pé àwọn tó ní dementia lágbàáyé lé ní mílíọ̀nù 55, ó sì ju 60 nínú 100 wọn tó ń gbé nílẹ̀ tówó ò ti fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, àmọ́ ìwádìí tó pọ̀ jù, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n ti ń ṣe é, aláwọ̀ funfun ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ẹ wo tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n fi ń dán iyè èèyàn wò, tí wọ́n ń pè ní MMSE, ọdún 1975 ni wọ́n gbé e jáde. Wọ́n á ní kó o yọ 7 nínú 100, kó o tún yọ 7 nínú èyí tó kù, kó o máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kó o kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, kó o ya àwòrán. Ẹ gbé e fún ìyá àgbà tó ń ta ẹja lọ́jà Agbalata, tí ò wọ kíláàsì rí, ó máa féèlì, bẹ́ẹ̀ iyè ẹ̀ pé pérépéré, ó mọ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Ká tiẹ̀ wá tú u sí Yorùbá, Ègùn ni ìyá ń sọ ńkọ́? Ẹni tó bá dàgbà ní Badagry ló máa kọ́kọ́ rántí ìyẹn.

Kì í ṣe àlá o, wọ́n ti ṣerú ẹ̀ rí n'Ìbàdàn. Ọdún 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi àtàwọn ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bá olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Hugh Hendrie àtàwọn ará Indianapolis l'Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ pọ̀, tẹ́ẹ̀sì tí kò béèrè pé èèyàn mọ̀wé ni wọ́n lò, wọ́n sì ń bi mọ̀lẹ́bí léèrè bí àgbà náà ṣe ń ṣe nílé. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2001, láàárín àwọn tó ti tó ọdún 65 sókè, àwọn tí dementia ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú lọ́dún kan n'Ìdíkàn, àdúgbò tí wọ́n lò n'Ìbàdàn, jẹ́ 1.35 nínú 100, tàwọn dúdú Indianapolis jẹ́ 3.24. Jíìnì APOE4 tó ń kó òyìnbó sínú ewu gan-an pọ̀ lára àwa Yorùbá, síbẹ̀ agbára ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀ lára wa. Inú ilé ìwòsàn òyìnbó nìkan kọ́ ni wọ́n ti lè rí ìyẹn.

Kíkọ́ ẹnì kan máa ń pẹ́. Dókítà á ka MBBS ọdún 6, á ṣe háúsmànṣíìpù, á sìnrú ìlú, á ṣe rẹ́sídẹ́ńsì, kó tó wá kọ́ ìṣirò ìwádìí àti bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé tọrọ grant, ìyẹn owó ìwádìí, lábẹ́ ọ̀gá tó máa tọ́ ọ sọ́nà. Àwọn tó ń ṣèyí dáadáa wà, bíi Global Brain Health Institute tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, ní San Francisco àti Dublin, wọ́n tún ń gba oníròyìn àti òṣèré mọ́ dókítà. Àmọ́ lójú tèmi, tí ẹni tí wọ́n kọ́ bá padà dé tí ò rí owó iṣẹ́, á tún gbéra ni. Owó yẹn gbọ́dọ̀ kan àwọn tó máa ń wọlé tọ àwọn àgbà lọ pẹ̀lú, torí ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ṣe ti Ìdíkàn.