Inú Bọ́ọ̀lù Omi Ni Àṣírí Òṣùmàrè Ti Tú

Ọjọ́ pẹ́ tí òṣùmàrè ti jẹ́ àwámárìídìí fún aráyé. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Lójú tirẹ̀, ìkúukùu ló ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà bíi dígí. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sóòótọ́, àmọ́ odindi ìkúukùu ló gbájú mọ́, bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé.

Ẹ̀kán òjò wá kéré, ó tún ń já bọ́ nílẹ̀ wàrà wàrà. Ta ni yóò mú un dúró kó tó yẹ inú rẹ̀ wò? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 14, àwọn méjì tí wọn ò gbúròó ara wọn ronú kan ọgbọ́n kan náà: Kamal al-Din al-Farisi ní Páṣíà, àti Theodoric ará Freiberg, ẹni Ọlọ́run kan ní Jámánì. Oníkálukú wọn rọ omi kún gíláàsì roboto, ó fi í ṣe ẹ̀kán òjò ńlá, ó gbé e síbi tí oòrùn yóò ti bà á, ó wá ń tọpasẹ̀ ìtànṣán nínú rẹ̀. Bí ìtànṣán ṣe wọ inú omi, ó tẹ̀. Ó lọ kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù lọ́hùn-ún, ó ta padà, ó sì tún tẹ̀ bó ṣe ń jáde. Èyí tó bá ta padà lẹ́ẹ̀mejì ló ń di òṣùmàrè kejì, ìyẹn èyí tó máa ń ṣe báìbáì lókè àkọ́kọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ dorí kodò. Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé gbogbo oyè yìí fún, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti parí dé ìdajì kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ̀.

Ní 1637, Descartes ará Faransé ṣírò ìtànṣán lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé nǹkan bíi dígírì 42 sí ibi tó wà ní òdìkejì oòrùn gan-an ni wọ́n ti ń pọ̀ jọ jù. Bí oòrùn bá ṣe ń gòkè ni òṣùmàrè ń lọ sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí òṣùmàrè lójú ọ̀run nígbà tí oòrùn bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ló sì ń gé e sí ìlàjì. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú lè rí i ní òbìrípo.

Ti Newton ni àwọ̀. Ó fi hàn pé àdàpọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ funfun, pé pupa ló ń tẹ̀ díẹ̀ jù, àlùkò ló sì ń tẹ̀ jù. Márùn-ún ló kọ́kọ́ kà, kó tó sọ ọ́ di méje kó lè bá ohùn orin dọ́gba. (Kò sí ẹni tó fa ààlà kankan sójú ọ̀run o.)

Ó ṣẹ́ ku àwọn ìlà tín-ín-rín tó máa ń hàn lábẹ́ òṣùmàrè nígbà míì. Ìṣirò Newton ò ká wọn. Ìgbà tí Thomas Young àti George Airy, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ka ìmọ́lẹ̀ sí ìgbì bíi ti omi, ní ọ̀rúndún 19, ni wọ́n tó rí wọn ṣàlàyé.